Bí Ìjọ Ṣe Yí Ilé Dùnsìn Po Lẹ́ẹ̀méje

“Bí Alàgbà bá ní àwọn fẹ́ bá ẹ ṣètò nǹkan, sọ fún wọn pé o wà níbi iṣẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí Kọ́lápọ̀ bá Dùnsìn àbúrò rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn, kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ tí kò ti padà wálé mọ́. Ó ti di oṣù mẹ́rin. Orúkọ olóògbé ló wà nínú contratto, ìwé àdéhùn yàrá wọn ní Settimo ní Ítálì, padrone onílé sì ti ní kí Dùnsìn kó jáde bí ọdún bá ti parí. Ilé tuntun alájà mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn stazione rélùwéè ló kù tó gbójú lé. Wọ́n ti fún un ní fúláàtì kan níbẹ̀, àjà keje. Ilé dé àjà kẹrin, làwọn aládùúgbò bá fárígá: kó parí síbẹ̀, èrò á pọ̀ jù, wọn ò ní rí ibi gbé mọ́tò sí. Comune, ìjọba ìlú, máa pinnu ọ̀rọ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, Alàgbà Adémilúyì wọlé. Eruku bo bàtà wọn dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Dùnsìn, bá mi bu omi. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ ti parí.”

“Báwo ló ṣe parí, sà?”

“Ìjọ jáde. Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A yí ilé náà po lẹ́ẹ̀méje, a kọrin, a hó.”

Dùnsìn rọra gbé omi kalẹ̀.

“Bíi ti Jẹ́ríkò, sà?”

“Bó ṣe wà nínú Bíbélì gẹ́lẹ́. Mi ò yọ ẹyọ kan kúrò.”

“Ní Jẹ́ríkò, kí ló ṣe ògiri?”

“Ó wó lulẹ̀ bẹẹrẹ.”

Ife dúró lẹ́nu Alàgbà.

“Ògiri ọkàn àwọn aládùúgbò ni mo ní lọ́kàn.”

“Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú àdúrà?”

“Ọlọ́run ti mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀.”

“Ilé ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lóòró?”

“Ó wà. Pákó kan ló jábọ́. Atẹ́gùn ni.”

“Àwọn aládùúgbò ńkọ́?”

“Àwọn gan-an ló yà mí lẹ́nu. A bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń lu ọmọrí ìkòkò. Bí a ṣe kọjá ni wọ́n tò tẹ̀ lé wa. Nígbà tó di ìyípo kẹta, obìnrin kan tó ń jẹ́ Giulia ti ń sunkún. Mo ní Ẹ̀mí ti bà lé e.”

“Kí ló ń pa á lẹ́kún?”

“Ṣé èmi ni kí n bi í? Ó dì mọ́ mi. Ó fún wa ní aṣọ gbọọrọ kan pé ká gbé e síwájú. Àwọn ìyá ìjọ gbé e.”

“Kí ni wọ́n kọ sí i?”

“Ẹ̀yìn aṣọ ni mo wà.”

Alàgbà na fóònù sí i. Àwòrán wọn ti jáde nínú ìwé ìròyìn: àwọn ìyá ìjọ pẹ̀lú gèlè, níwájú wọn aṣọ gbọọrọ tí wọ́n kọ BASTA CEMENTO sí gàdàgbà.

“Alàgbà, wọ́n ní sìmẹ́ńtì tó gẹ́ẹ́.”

“Kò burú. Bí sìmẹ́ńtì bá ti tó, kí ni bíríkìlà tún ń dúró dè?”

“Wọ́n ní kí wọ́n má kọ́ ọ mọ́, sà.”

Alàgbà jókòó.

“Ẹn-ẹn. Bébà yẹn nìyẹn.”

“Bébà wo?”

“Èyí tí Giulia gbé wá, tí gbogbo wa buwọ́ lù. Mo rò pé orúkọ àwọn tó ń wá ilé ni. Mo buwọ́ lù ú fún ìwọ náà, mo sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹ sí i. Orúkọ ẹ ló ṣíwájú ti gbogbo wa.”

“Èmi, sà? Mo wà níbi iṣẹ́.”

“Ohun tí mo ṣe bá ẹ buwọ́ lù ú nìyẹn.”

Dùnsìn gbé orí lé tábìlì. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ka ohun tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

“Giulia ni. Ó ní èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní comune ní Ọjọ́bọ̀, lórúkọ gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti wà níbí. Wọn ò fún mi ní ìṣẹ́jú kan rí.”

“Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé kí wọ́n má kọ́ ilé mi.”

“Tó o bá ti di máìkì mú, ta ló máa bá ẹ dì í? Sọ pé àjà keje lò ń gbé.”

“Kò tíì sí àjà keje. Òfuurufú ni.”

“Sọ bẹ́ẹ̀ náà. Sọ pé ilé ẹ wà lókè níbẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ débẹ̀.”

Dùnsìn rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

“Ìṣẹ́jú márùn-ún pọ̀ jù. Méjì ni n ó lò.”

“Kí lo máa fi méjì sọ?”

“Pé ẹ̀gbọ́n mi kú. Pé mi ò níbi tí mò ń lọ.”

Alàgbà mu omi wọn tán, wọ́n dìde. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó yíjú padà.

“Bí wọn ò bá gbà, ìjọ á tún jáde. Mo ti rí àṣìṣe wa. Tó bá jẹ́ ti ilé kíkọ́, ẹ̀yìn ló yẹ ká máa fi rìn.”

Ilẹ̀kùn pa dé. Dùnsìn ṣí àpótí Kọ́lápọ̀, ó mú ẹ̀wù funfun kan jáde. Bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ ti já. Ó wá abẹ́rẹ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.