Bàálùwẹ̀ Ìwọ̀n Ìgbọ̀nwọ́

Ìyá Onítáìsì jókòó sórí páálí táìsì mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi àkísà nu eruku. Ó ti pẹ́ nídìí òwò yìí débi pé bó bá wo bàtà oníbàárà, ó mọ irú ilẹ̀ tó wà nílé onítọ̀hún. Ọkùnrin kan wọlé tòun ti gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Mo-ti-kà-á ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sóhun téèyàn fẹ́ sọ tí kò ní sọ pé òun ti kà á níbì kan. Irú wọn ni kì í jẹ́ kí dókítà ráyè sọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n.

MO-TI-KÀ-Á: Ẹ káàsán, ìyá. Táìsì tí kì í bu ni mo fẹ́, ti ilẹ̀ bàálùwẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé, mo ti kà á.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ kà á fún mi.

MO-TI-KÀ-Á: Nǹkan dúdú kan ló ń hù nílẹ̀ ibẹ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ lónìí, á tún ti hù lọ́tùnla.

ONÍTÁÌSÌ: Èéhù nìyẹn. Kí lẹ tẹ́ síbẹ̀?

MO-TI-KÀ-Á: Pákó ni mo kọ́kọ́ tẹ́.

ONÍTÁÌSÌ: Pákó? Nínú omi?

MO-TI-KÀ-Á: Mo kà á pé àwọn olówó ń tẹ́ ẹ.

ONÍTÁÌSÌ: Ṣé ẹ kà á dé ibi tó ti jẹrà?

MO-TI-KÀ-Á: Ojú ìwé yẹn ti ya. Mo wá yọ ọ́, mo tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kóró kóró bí ẹ̀wà.

ONÍTÁÌSÌ: Símẹ́ńtì funfun sì wà láàárín gbogbo ẹ̀, àbí? Símẹ́ńtì a máa mu omi, ọ̀gá. Ẹ kọ́ ẹgbẹ̀rún yàrá fún èéhù, ẹ ò sì gba owó ilé.

MO-TI-KÀ-Á: Mo tún yọ ìyẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, òkúta mábù ni mo rà. Ó ń dán yinrin.

ONÍTÁÌSÌ: Báwo lẹ ṣe wá ń rìn lórí ẹ̀ tí omi bá wà nílẹ̀?

MO-TI-KÀ-Á: Mi ò rìn o. Mo yọ̀ ni.

*(Ó fọwọ́ pa ìdí. Ìyá Onítáìsì ò bá a kẹ́dùn. Ó fa táìsì kan yọ nínú páálí, ó dojú ẹ̀ bolẹ̀, ó da omi sẹ́yìn ẹ̀.)*

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ wò ó. Omi ò wọnú ẹ̀. Ojú ẹ̀ rí hàràhàrà, ẹsẹ̀ ò ní yọ̀. Ńlá ńlá la ó gé e kí ojú ibi tí símẹ́ńtì máa wọ̀ má pọ̀, a ó sì tẹ́ ẹ dagẹ̀rẹ̀ síhà ihò omi. Kí ni ìwọ̀n bàálùwẹ̀ yín?

MO-TI-KÀ-Á *(ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́gàn)*: Ìyá, bàálùwẹ̀ tèmi kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ìwọ̀n ara mi ni.

*(Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó yọ ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì síta, ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Táìsì méjì já bọ́, wọ́n fọ́.)*

MO-TI-KÀ-Á: Ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi dé ni bíríkìlà fa ìlà sí.

*(Ìyá Onítáìsì ò wo táìsì tó fọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò, ó sì wò ó pẹ́.)*

ONÍTÁÌSÌ: Ìgbọ̀nwọ́.

MO-TI-KÀ-Á: Ìgbọ̀nwọ́!

ONÍTÁÌSÌ: Á jẹ́ pé roboto ló rí.

MO-TI-KÀ-Á: Roboto bí ìṣasùn.

ONÍTÁÌSÌ: Kànga lẹ gbẹ́ sínú ilé, ọ̀gá mi. Ìyàwó yín náà ń wẹ̀ nínú ẹ̀?

MO-TI-KÀ-Á: Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Ó sanra jù mí lọ díẹ̀. *(Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀.)* Torí tiẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kánjú. Ó yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ó ní òun ò wẹ̀ nínú èéhù mọ́. Ó mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, ó ní òun á máa lọ wẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kó tówẹ̀lì lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé ìrọ̀rí.

ONÍTÁÌSÌ: Wọ́n ń fi ìrọ̀rí wẹ̀?

MO-TI-KÀ-Á: Mi ò bi í. Àná ló wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá. Mo fẹ́ kó padà wálé. Ilẹ̀ yìí nìkan ló lè dá a padà.

ONÍTÁÌSÌ: Fèrèsé mélòó ló wà nínú kànga yẹn?

MO-TI-KÀ-Á: Ọ̀kan ló wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fi búlọ́ọ̀kù dí i.

ONÍTÁÌSÌ: Torí olè?

MO-TI-KÀ-Á: Torí aládùúgbò. Mo ń kọrin lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń wẹ̀, ọkùnrin yẹn pàtẹ́wọ́ láti ìta.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún yín, kí ló ṣe tó burú?

MO-TI-KÀ-Á: Mi ò tíì kọ orin náà tán!

*(Ìyá Onítáìsì ju àkísà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.)*

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Aṣọ tútù téèyàn ká sínú àpótí, ṣé kì í bu ni? Omi ń wọlé lójoojúmọ́, atẹ́gùn ò wọlé. Bí mo bá fi wúrà tẹ́ ilẹ̀ yẹn, èéhù á hù lórí wúrà. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ wá ń pa làpálàpá. Ẹ lọ ṣí fèrèsé ná, kí ẹ tó wá ra táìsì.

MO-TI-KÀ-Á: Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Mo ti kà á.

ONÍTÁÌSÌ: Èwo ni ti aláǹgbá? Ìyàwó ló ń jáde!

MO-TI-KÀ-Á: Bí mo bá ṣí i, aládùúgbò á rò pé òun borí mi.

ONÍTÁÌSÌ: Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má kà á o, ẹ dáhùn ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé fèrèsé yẹn ló máa mú ìyàwó yín wálé lónìí, ṣé ẹ máa ṣí i?

*(Mo-ti-kà-á yọ gíláàsì ojú, ó fi ti orí rọ́pò rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.)*

MO-TI-KÀ-Á: Ṣé kò sí táìsì tó nípọn jù yìí lọ ni?

ONÍTÁÌSÌ *(ó mí kanlẹ̀)*: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wá síbí láàárọ̀ yìí. Táìsì hàràhàrà yìí náà ló rà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní yàrá, òun fẹ́ ṣe bàálùwẹ̀ sí i. Onígun mẹ́rin, fèrèsé méjì.

MO-TI-KÀ-Á: Obìnrin tó gbọ́n! Kò lọ́kọ ni?

ONÍTÁÌSÌ: Ó ní òun ní ọ̀kan títí di àná.

MO-TI-KÀ-Á: Ọkọ wá jókòó, kí ìyàwó máa ra táìsì kiri! Irú òmùgọ̀ wo nìyẹn?

ONÍTÁÌSÌ: Ohun témi náà wí nìyẹn.

MO-TI-KÀ-Á: Ṣé kò kọ́ bàálùwẹ̀ fún un ni?

ONÍTÁÌSÌ: Ó kọ́ ọ. Kò gba obìnrin náà.

MO-TI-KÀ-Á *(ó bú sẹ́rìn-ín)*: Àwọn kan ò mọ nǹkan kan láyé yìí! Kí ló fi wọ̀n ọ́n?

ONÍTÁÌSÌ: Ìgbọ̀nwọ́.

*(Ẹ̀rín gé lẹ́nu ẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rọra kó méjèèjì mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó jókòó sórí páálí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.)*

MO-TI-KÀ-Á: Ìyá... ṣé ó sọ ìgbà tó máa padà wálé?

ONÍTÁÌSÌ: Kò sọ ọ́. Mo bi í pé ìwọ̀n wo ni kí n gé táìsì ẹ̀ sí. Ó ní kí n gé e sí ìwọ̀n obìnrin tí kò lọ́kọ.

*(Ọkùnrin náà fa bébà àti bírò yọ nínú àpò. Ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀.)*

MO-TI-KÀ-Á: Mélòó nìyẹn, ní sẹ̀ǹtímítà? Èyí... èyí ni mi ò tíì kà.

ONÍTÁÌSÌ: Ó fẹ̀ ju tiyín lọ.