Ẹ̀wù Òtútù Àmínà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi.

Onítìjú ni mí. Irun ni mò ń dì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Rogers Park, oníbàárà sì lè jókòó síwájú mi láti àárọ̀ di ọ̀sán kí n má sọ ju "ẹ tẹrí yín sílẹ̀ díẹ̀" lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibì kan ṣoṣo tí ẹnu mi ti máa ń là dáadáa ni iwájú Àmínà, ọmọ mi. Láti kékeré rẹ̀, bó bá ti kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, oríkì ló máa ń gbà. Èyí tí ìyá mi kọ́ mi kò tó mi í lò ní Chicago, mo bá fi tèmi kún un: "Àjíkẹ́ mi, ọmọ a-rìn-lórí-yìnyín-má-yọ̀. Àjíkẹ́, ọmọ a-na-ọwọ́-sí-ọkọ̀-ojú-irin-kó-dúró." Kì í dìde títí n ó fi parí.

Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, mo kì í lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé. Ó rọra sọ fún mi pé, "Mọ́mì, please, kì í ṣe níta." Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo dákẹ́ níta, mo sì dákẹ́ nínú ilé pẹ̀lú. Àárọ̀ wa wá di "báì, Mọ́mì" àti ìró ilẹ̀kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ewì, kò sì jẹ́ kí n rí i. Nítorí náà, nígbà tó ní kí n wá gbọ́ bí òun yóò ṣe ka ewì ní láíbìrì ní Sátidé yẹn, inú mi dùn débi pé òróró irun ni mo fi pa bàtà mi kó lè máa dán. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n kàn jókòó, kí n má sọ nǹkan kan. Mo ní ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Èmi náà mọ̀ pé bí mo bá tún dójú tì í, kò ní pè mí síbì kankan mọ́.

Yàrá tí kì í ṣe tiwa ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn ìyá àgbà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń hun fìlà. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó na òwú àti abẹ́rẹ́ sí mi. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé òun ṣìnà. Èmi jókòó, mo ń hun fìlà. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Àmínà láti yàrá kejì ni mo sáré jáde, òwú sì so mọ́ bọ́tìnnì mi, ó ń wọ́ tẹ̀ lé mi. Iwájú pátápátá nìkan ni àga ṣẹ́ kù, mo bá jókòó síbẹ̀.

Ó ti ka ewì náà dé ìdajì. Gẹ̀ẹ́sì ewì kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni "ìyá mi", "ẹ̀wù òtútù", "òtútù ń mú mi". Àṣé ẹjọ́ mi ló ń rò fún wọn, pé mi ò ra ẹ̀wù òtútù fún òun! Ẹ̀wù tí mo wọkọ̀ jáde ní Chicago dé Schaumburg lọ rà! Bó ṣe parí, gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí ta ìka. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ìka ṣe nílé wa. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, á fi ìka yí orí, á ta á dànù, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ní ó parí, wọ́n ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má fún wọn ní irú ìyá báyìí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí kò délé kígbe pé mo ra ẹ̀wù òtútù fún un, méjì, ọ̀kan tilẹ̀ ní fìlà lẹ́yìn. Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ Àmínà. Ó kúnlẹ̀ láti ṣà á, ó gbójú sókè wò mí, bí ó ti máa ń wò mí láàárọ̀ gan-an. Ẹnu mi bá là fúnra rẹ̀: "Àjíkẹ́ mi, ọmọ a-rìn-lórí-yìnyín-má-yọ̀…"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ara mi. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àmínà ti ṣa ìwé rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Mọ́mì," ó wí, "ẹ ò tíì parí ẹ̀."

Mo parí rẹ̀. Mo kì í dé ibi ọmọ a-na-ọwọ́-sí-ọkọ̀-ojú-irin-kó-dúró, mo tún fi ọ̀kan tí mi ò kì rí lé e: ọmọ a-kéwì-kí-ìyá-rẹ̀-dìde. Nígbà náà ló tó dìde. Wọ́n tún ta ìka, lọ́tẹ̀ yìí fún èmi. Ìyá àgbà tó ni òwú, tó ti tọ òwú rẹ̀ wá bá mi, ló sọ fún mi pé àtẹ́wọ́ wọn nìyẹn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Àmínà túmọ̀ ewì náà fún mi. Ó ní ìyá òun máa ń fi ohùn wọ òun láṣọ kí òun tó wọ ẹ̀wù òtútù. Ní báyìí ẹ̀wù nìkan ni òun ń wọ̀ jáde, òtútù sì ń mú òun. Mo ní ṣebí òun ló ní kí n má kì òun mọ́.

"Níta ni mo sọ, Mọ́mì. Mi ò sọ nínú ilé."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: ibi tí ọmọ mi bá fi ààlà sí ni kí n dúró, kí n má fi ìtìjú ti ààlà náà wọlé. Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Láàárọ̀ àná ó kúnlẹ̀ ti búrẹ́dì ti búrẹ́dì lẹ́nu. Nígbà tí mo kì í tán, ó ta ìka fún mi. Mo mọ̀ pé àtẹ́wọ́ ni. Síbẹ̀, ìka mi ti yí orí mi ká kí n tó rántí, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì ilé ìwé rẹ̀ fi fi í sílẹ̀ lọ.