Ẹ Ṣe Sùúrù, Ọ̀gá Ń Ronú

Bó bá ṣe pé ìgbéraga ń so lórí igi ni, ọgbà ọ̀gá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ni gbogbo ìlú ì bá máa lọ ká a. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É. Ó gbọ́, kò bínú, ó ní oríkì tó yẹ òun nìyẹn.

Olùdarí àgbà ń fẹ̀yìn tì, ipò yẹn ni ọ̀gá sì ń wò bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Iṣẹ́ kan ló kù tó fẹ́ fi gbà á: kó yan ẹ̀rọ tí yóò máa bójú tó API wọn, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tí sọ́fítíwíà orí fóònù àwọn èrò ń gbà bá ti ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Òǹtajà mẹ́ta ló wá. Àkọ́kọ́ ń sọ bí ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe yára. Ọ̀gá ń sùn. Ìkejì ń sọ ti ààbò; ọ̀gá ń wo táì ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ìkẹta wo àwòrán ọ̀gá lára ògiri, tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àjànàkú inú kọ̀ǹpútà! Lórí ẹ̀rọ tiwa, bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá fẹ́ gba ẹnu-ọ̀nà yín wọlé láti bá yín ta tíkẹ́ẹ̀tì, àfi kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ 'Mo gbà'."

Oorun dá lójú ọ̀gá. "Ilé-iṣẹ́ tuntun nìkan kẹ̀? Gbogbo ìbéèrè ni kó máa gba ọwọ́ mi kọjá."

"Gbogbo ẹ̀, sà? Títí kan ẹni tó kàn fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

"O ti rí ilé tí wọ́n ń wọ̀ láìkí baálé?"

Igbákejì rẹ̀, obìnrin tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi èèyàn díẹ̀ dán an wò ná."

"Dán kí ni wò? Erinmi kì í fi ẹsẹ̀ kan tọ́ odò wò!"

Igbákejì bá lọ to ẹ̀rọ náà bí ọ̀gá ṣe wí.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ibẹ̀ náà ni Ìyá Alága, olórí ìgbìmọ̀, ti máa kéde olùdarí tuntun. Ọ̀gá gun orí pèpéle nínú kóòtù funfun báláú, ó ní kí ìyá fi fóònù wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì yọ gàdàgbà lára ògiri, níbi tí wọ́n ti ń fi ojú fóònù ìyá hàn fún gbogbo èèyàn: "Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀gá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yín."

Fóònù ọ̀gá gbọ̀n nínú àpò. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ 'Mo gbà'. Ó tún gbọ̀n. Gbogbo èrò ìlú ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì! Bó ti ń tẹ̀ ni fóònù ń gbọ̀n, òógùn sì bò ó.

Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ìyàwó mi wà ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra! Ọ̀gá, ẹ bá wa ronú kíákíá!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Pa á!" ọ̀gá kígbe sí igbákejì rẹ̀. "Pa àṣẹ 'Mo gbà' yẹn!"

"Mo ti ní kí ẹ̀rọ pa á, sà. Ìbéèrè tèmi náà ti tò sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbà á."

Ojú ti ọ̀gá débi pé kò lè gbé orí sókè. Ìyá Alága wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n díẹ̀.

"Máa bá iṣẹ́ lọ, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì kéde igbákejì ní olùdarí àgbà.

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dí.