Ọjà Fílípì ní Ṣọ́ọ̀ṣì Wa ní Clonsilla

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Clonsilla, ní Dublin níbí, pa Pọ́ọ̀lù tì nílé ẹjọ́, tí wọ́n lọ ra ata. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ eré. Pásítọ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí tọdún yìí bá tún bàjẹ́, ẹgbẹ́ náà tú nìyẹn.

Eré Pọ́ọ̀lù àti Sílà la fẹ́ ṣe, bí wọ́n ṣe wọ́ wọn lọ sọ́jà ìlú Fílípì níwájú àwọn adájọ́. Mo ti kàwé nípa àwọn ará Róòmù. Gbàgede àárín ìlú wọn kì í ṣe ọjà lásán o: tẹ́ńpìlì lápá òkè, ilé ẹjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀bù yí i ká, pèpéle ọ̀rọ̀ sísọ níwájú. Gbogbo ẹ̀ ni mo tò sínú họ́ọ̀lù. Mo wá ní kí àwọn sístà gbé ọjà gidi wá. Èmi náà! Ta ló ń gbé ata rodo, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ síwájú ọmọ Nàìjíríà ní Dublin, kó ní kó máa wò ó níran?

Pọ́ọ̀lù ò tíì dé iwájú adájọ́ tí ìyá kan fi nawọ́. "Sístà Bísí, èló lẹja yẹn?"

Sístà Bísí, tí mo ní kó kàn máa ṣe bí ẹni ń tajà, ní, "Ẹ sún mọ́bí mà, màá fi èènì sí i!"

Ó parí. Gbogbo àga ṣófo. Adájọ́ ń dájọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Sílà tú ṣéènì ọwọ́ ẹ̀, ó ní kí pọ̀nmọ́ má baà tán kóun tó débẹ̀.

Pásítọ̀ dìde, ó kọjú sí mi. "Sístà, ẹ ti sọ ilé Ọlọ́run dọjà! Ẹgbẹ́ eré yín parí lónìí."

Ojú tì mí, àmọ́ inú tó ń bí mi jù ú lọ. Mo gun tábìlì tí mo fi ṣe pèpéle. "Ẹ má bínú, sà. Bí Fílípì ṣe rí gan-an nìyí! Àwọn kan ń bọ̀rìṣà, àwọn kan ń dájọ́, àwọn kan ń nájà, lójú kan náà!"

Tábìlì yẹ̀. Àárín ata ni mo bára mi. Mi ò dákẹ́. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo wá ṣẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní òun ò ní rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. "Ó dáa, ẹgbẹ́ eré ò tú mọ́. Àmọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í tajà níbẹ̀."

Mo ti kọ́gbọ́n: bí mo bá tún to ọjà, ike lẹja mi máa jẹ́. Àmọ́ pé mo tò ó bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn ẹ̀. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o: èmi olọ́jà, ata tó há sí mi nírun nìkan ni mo rí mú relé.