Máàpù Tí Mo Yà Níwájú Bárékè

Bó ti wù kí n dàgbà tó, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ayé ìjọba ológun ni, mo ń kàwé ní yunifásítì ní Bìní. Ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ àwa ọmọ Yorùbá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àpéjọ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá ọ̀nà tí a ó gbà. Ta ni ì bá tún ṣe é? Èmi ni mo gba A nínú jọ́gíráfì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Gbogbo ayé ló ń gba Ọ̀rẹ̀. Èmi ní rárá, tírélà á pa wá níbẹ̀. Mo wo máàpù, mo rí Ekenwan Road tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, mo ní àbùjá nìyí. N kò bi ọmọ Bìní kankan. Mo kàn gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Níwájú bárékè ṣọ́jà tó wà lójú ọ̀nà náà ni mo dúró sí, mo gbé bébà lé ìjókòó kẹ̀kẹ́, mo ń ya ọ̀nà náà, géètì àti ilé kékeré tí ṣọ́jà ti ń ṣọ́nà, kí ẹgbẹ́ lè fi wọ́n ṣe àmì.

"Wetin you dey draw?"

Ṣọ́jà kan ló dúró lẹ́yìn mi tìbọn-tìbọn. Ó tì mí wọ géètì, sájẹ́ǹtì kan tó ti hu ewú sì jáde. Bí mo ṣe rí àgbàlagbà, ẹ̀kọ́ ilé gbé mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣọ́jà yẹn rò pé mo fẹ́ ṣọṣẹ́, ló bá na ìbọn sí mi lórí.

"Who tell you say make you lie down?"

"Na greeting, sir."

Mo ti rí ara mi látìmọ́lé, tí ìyá mi ń wá mi kiri.

Sájẹ́ǹtì wo bébà náà pẹ́. "This road, where e dey go?"

"Ife, sir."

"Pass Ekenwan?"

"Yes, sir. Na shortcut."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "My pikin, na river dey the end." Ó wá kọjú sí ṣọ́jà náà. "Leave am. Which country go send this kind spy?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà fẹ́ rín, àmọ́ eyín mi ń gbá ara wọn. Àìmọ̀kan tí ì bá dójú tì mí lójú ẹgbẹ́ ló yọ mí.

Abèèrè kì í ṣìnà. Lónìí, tí mo bá dé ibi tí n kò mọ̀, ẹni tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo ń bi, ì báà jẹ́ ṣọ́jà. Ìdúró ṣá ni mo ti ń kí i.