Àlàájì, Bíréèkì àti Ẹyin Ìyá Afeezat

Ogún ọdún gbáko ni Àlàájì Mùstàfá lò ní Àbíjàn, gbogbo ìmọ̀ ayé ló sì kó bọ̀ wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó wọ jàlàbíà funfun, ó wa píkọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Oyèṣọlá, obìnrin mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìsundúnrin. Ó tẹ bíréèkì. Gbogbo ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Àlàájì." Oyèṣọlá kúnlẹ̀ tòun ti súpánà lọ́wọ́. "Ọkọ̀ yín ń gbọ̀n o."

"Kò gbọ̀n. Ó ń mí ni. Ọkọ̀ àgbà ni."

"Ẹ má bínú sà. Kí ni mímí rẹ̀ wá gbé yín wá síbí fún?"

Àlàájì bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Afeezat ni. Ó ní ẹyin tòun ń tà ń fọ́. Kíréètì mẹ́rin ló fọ́ lọ́jọ́ Àtàlátà, láti Ìsundúnrin dé ilé. Ó ní bí ẹyọ kan bá tún fọ́ lónìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Wàsíù lòun á máa fi kó o, òun náà á sì máa bá a jókòó síbẹ̀. Èmi tí mo ní ọkọ̀! Kí gbogbo Ẹ̀jìgbò máa rí ìyàwó mi nínú kẹ̀kẹ́ Wàsíù!"

"Háà! Ọkọ̀ tó ń mí, tó wá ń mí ìyàwó jáde."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Táyà ni."

"Ṣé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ó sì tún ń gbọ̀n?"

"Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n táyà tuntun ló fi ń gbọ̀n. Mo tún ṣe báláǹsì. Mo ṣe aláímẹ́ǹtì. Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì."

"Ó wá ku kí ẹ pààrọ̀ ọ̀nà, sà."

"Mo ti rò ó."

Oyèṣọlá gbé ẹ̀rín mì. Àgbà ni àgbà ń jẹ́, bó tilẹ̀ ra táyà mẹ́rin lásán. "Tí ẹ ò bá tẹ bíréèkì ńkọ́, ṣé ó máa ń gbọ̀n?"

"Rárá o! Jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ."

"Ó di ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì."

"Ìgbà yẹn nìkan."

"Ẹ wá lọ ra táyà."

"Ṣé táyà kọ́ ló kan ilẹ̀ ni?"

"Òun ni, sà. Níbo lẹ ti ń mọ gbígbọ̀n yẹn lára? Ṣé lọ́wọ́ ni, àbí nídìí?"

Àlàájì fa jàlàbíà rẹ̀ mọ́ra. "Oyèṣọlá! Ọmọ dáadáa ni mo mọ̀ ọ́ sí!"

"Ọkọ̀ ni mò ń wádìí, sà. Tó bá jẹ́ sitíárìn ló ń jó lọ́wọ́ yín, iwájú ló ti ń wá. Tó bá jẹ́ àga ló ń gbọ̀n nídìí yín, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn."

"Ọwọ́ ni. Àwọn ènìyàn tiẹ̀ rò pé mò ń juwọ́ sí wọn ni. Wọ́n ń dá mi lóhùn."

Wọ́n wa ọkọ̀ lọ síbi tí ọ̀nà ti dá páropáro. Oyèṣọlá ní kí Àlàájì rọra máa lọ, kó wá fa hándíbíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ dúró láìgbọ̀n. Ó ní kó tún sáré díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Sitíárìn bẹ̀rẹ̀ ijó.

"Ẹ̀yìn ni hándíbíréèkì ń dì mú, sà. Ẹ̀yìn ò ṣe nǹkan kan. Iwájú ni."

"Fuàlà!" Àlàájì fi Faransé Àbíjàn dá a lóhùn. "Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn!"

"Ẹ ní táyà ni."

"Táyà iwájú ni mo ní lọ́kàn."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, Oyèṣọlá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó yọ táyà, ó so wáyà tín-ín-rín kan sí tòsí dísìkì, ó wá ń yí dísìkì náà. Bó bá yí débì kan, á ha wáyà. Bó bá yí dé òdìkejì, kò ní kàn án rárá.

"Ẹ wò ó, sà. Dísìkì yìí ni bíréèkì ń gbá mú kí ọkọ̀ tó dúró. Ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tiyín ti wọ́."

"Ta ló mú un wọ́?"

"Ìbéèrè tèmi nìyẹn. Tí ẹ bá ń ti Ìsundúnrin bọ̀, ibo lẹ ti ń dúró?"

Àlàájì nàró ṣánṣán. "Létí odò, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo máa ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti Àbíjàn dé kì í fi eruku wọ̀lú."

"Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ti dé, sà."

"Wọ́n ṣì ń wò mí! Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń da omi tútù sí, korobá méjì méjì. Ó tiẹ̀ máa ń dún ṣììì! Èéfín á máa rú. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé ìdọ̀tí ń jáde."

Oyèṣọlá gbé súpánà kalẹ̀, ó jókòó lórí táyà. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Ìdọ̀tí kọ́, sà. Irin ló ń ké. Ẹ tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbóná bí agbada àkàrà, ẹ wá da omi tútù lé e, ó sì wọ́. Ẹ délé, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí agbada Ìyá Afeezat, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa fojú yín rí."

"Ní Àbíjàn, bí a ṣe ń fọ ọkọ̀ nìyẹn."

"Ọkọ̀ wo lẹ wà ní Àbíjàn, sà?"

Àlàájì tún fìlà ṣe. "Takisí ni mò ń wọ̀."

Kí oòrùn tó kanrí, Oyèṣọlá ti pààrọ̀ dísìkì méjèèjì àti páàdì wọn. Ó mú ẹyin tútù kan nínú èyí tó fẹ́ dín jẹ, ó gbé e lé Àlàájì lórí itan, lórí aṣọ funfun Jímọ̀, ó sì jókòó tì í nínú ọkọ̀.

"Ẹ máa wà á lọ, sà. Tó bá fọ́, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló máa mọ̀."

Àlàájì sáré, ó tẹ bíréèkì, ó dijú. Ẹyin kò mira. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa fóònù yọ kí wọ́n tó padà dé. "Ìyá Afeezat! Kó ẹyin rẹ sílẹ̀ dè mí! Mo ti fi han Oyèṣọlá pé dísìkì ni!"

Oyèṣọlá ń wo ojú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ fi hàn mí, sà. Ṣùgbọ́n omi tútù ò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbóná mọ́ o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Àlàájì wo táyà: eruku ti bò ó. Ó wo ọ̀nà ìlú. Ó wo korobá omi tó wà létí kànga. Kí Oyèṣọlá tó yíjú padà, korobá ti wà lókè.

Oyèṣọlá kò sáré, kò pariwo. Fóònù ló gbé sétí. "Hẹ̀lóò, Bọ̀dá Wàsíù? Ẹ ṣí àyè sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ o. Ẹyin Ìyá Afeezat ń bọ̀, àwọn náà ń bọ̀."

Korobá rọra sọ̀kalẹ̀. Àlàájì bọ́ bàtà. "Kí ló dé tí ò ń dà mí láàmú? Àlùwàlá Jímọ̀ ni mo fẹ́ ṣe."

"Ẹ dúró ná, Bọ̀dá Wàsíù," ni Oyèṣọlá wí sínú fóònù. "Ó jọ pé ẹsẹ̀ tiwọn ni Àlàájì máa fọ̀."