Òṣùwọ̀n Ọ̀jọ̀gbọ́n Rabgye

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ wá Ọ̀jọ̀gbọ́n Rabgye lọ. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn oúnjẹ náà. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, òun á wá tẹ̀ lé e.

Rabgye, Ọ̀tá Ọ̀rá! Rabgye, Akólé-sára-ikùn-tó-ní-òun-fẹ́-wó-ti-ẹlòmíì!

Igi kúkúrú kan wà lórí òkè Ngonchu tí wọ́n ń pè ní penma, òdòdó rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn darandaran ibẹ̀ ti ń se ewé rẹ̀ mu, pé ó ń dín ọ̀rá kù lára. Rabgye ní òun á yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Òun kọ́ ló yọ ọ́ o. Yudron, omidan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló fi ọdún mẹ́ta da omi ewé gba inú ọ̀pá gíláàsì, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, títí èròjà márùn-ún fi yà sọ́tọ̀. Ìkẹta nínú wọn mú kí ọ̀rá ara eku funfun dín díẹ̀.

"Díẹ̀ ni, ọ̀gá," Yudron wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ìwọ ń pè é ní díẹ̀. Èmi ń pè é ní Rabgyelin."

Ó ku kí wọ́n dán an wò lára èèyàn. Rabgye gbé òṣùwọ̀n lọ sí Ngonchu, níbi tí wọ́n bí i sí, láàárín òtútù tó ń gé etí. Ó kọ orúkọ ogójì obìnrin sílẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ ṣáájú, nítorí kò lè rí ìwé orúkọ kó má wà lókè rẹ̀. Kílò méjìléláàádọ́rùn-ún ni òun. Àwọn obìnrin gun òṣùwọ̀n tàwọn ti ẹ̀wù awọ àgùntàn lọ́rùn.

"Ọ̀gá, ṣé wọn ò ní bọ́ awọ yẹn ni?" Yudron béèrè.

"Nínú òtútù yìí? Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni? Máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n pín Rabgyelin fún wọn láti máa lò. Nígbà tí ìgbà oòrùn dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n tún wọ̀n wọ́n nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tí kò fi kílò méje dín, ó kéré tán. Yudron tún dárúkọ awọ àgùntàn. Rabgye ní àgùntàn kò sí nínú ìwádìí òun.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Qiu, olówó kan láti Chengdu, fi ní òun á kọ́ ilé ìwádìí, wọn á sì fi orúkọ Rabgye pè é. Rabgye ò sùn dáadáa mọ́. Bó bá dijú, lẹ́tà ńláńlá orúkọ rẹ̀ ló ń rí lórí ògiri. Ohun kan péré ni Qiu béèrè: "Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹnì kan lórí òṣùwọ̀n."

Rabgye ní kó jẹ́ ọjọ́ eré ẹṣin, kí gbogbo Ngonchu lè pàtẹ́wọ́. Ọmọ ibẹ̀ mà ni o! Ó mọ bí àwọn obìnrin ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ti gbà á lọ́kàn.

Ama Tsekyi, ìyá kan nínú ogójì náà tí kílò mẹ́jọ tó fi dín ju ti gbogbo wọn lọ, ló pè jáde. Ìyá náà dé. Iyùn kún ọrùn rẹ̀, ìgbànú fàdákà wà nídìí rẹ̀, àpótí tírà kékeré tí wọ́n fi fàdákà ṣe wà láyà rẹ̀, àwo fàdákà sì tò láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé gìgísẹ̀. Ìwé sọ pé kílò àádọ́rin ni. Òṣùwọ̀n sọ pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Qiu wo ìwé, ó tún wo òṣùwọ̀n.

"Ama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ àwọn nǹkan yẹn," Rabgye bẹ̀ ẹ́, òógùn ti bò ó.

"Kí n bọ́ iyùn ìyá mi lọ́jọ́ eré ẹṣin? Ta ló kú fún mi?"

"Àwọn ló wúwo! Ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ara èèyàn!"

"Háà, Rabgye! Awọ àgùntàn wá jẹ́ ara mi nígbà òtútù? Ta ló ní kí n bọ́ ọ nígbà yẹn?"

Ẹ̀rín bú. Qiu yíjú sí Yudron. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Mo kọ ọ́ sétí ìwé."

Qiu rọra ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. "Orúkọ yín ló ṣáájú níbí, kílò méjìléláàádọ́rùn-ún. Ṣé ẹ̀yin náà lo oògùn yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́!" Ẹnu Rabgye ti sáré ju orí rẹ̀ lọ.

"Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ sì wọ̀. Ẹ gùn ún."

Kò sọ́nà àtisá. Ó fa ikùn wọlé, ó gùn ún. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde ẹṣin tó borí kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́: "Rabgye! Ọgọ́rùn-ún kílò, ó lé ọ̀kan!" Gbogbo pápá hó yèè bí ìgbà tí ẹṣin wọlé.

Qiu ti mú aṣọ funfun dání, èyí tó fẹ́ fi kọ́ Rabgye lọ́rùn láti yẹ́ ẹ sí. Ó wò ó títí, ó rìn kọjá lára rẹ̀, ó sì lọ fi kọ́ ọrùn ẹṣin tó gbé ipò kìíní.

Ama Tsekyi wá fọwọ́ gbá Rabgye léjìká, iyùn rẹ̀ ń dún wọnwọn.

"Má banú jẹ́, ọmọ mi. Oògùn rẹ jẹ́. Ọ̀rá tó kúrò lára wa, gbogbo wa ti rí ibi tó lọ."